Ìrìn-àjò Ọkọ̀ Centurion, 1740 sí 1743: Ọjọ́ Mélòó Ni Wọn Ò Ti Fojú Kan Ewé?

Ọkọ̀ ogun mẹ́fà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lé George Anson lọ́wọ́ pé kó lọ bá àwọn Sípéènì jà lójú Òkun Pàsífíìkì: Centurion tó ní ìbọn ńlá 60, Gloucester àti Severn tó ní 50 lọ́kọ̀ọ̀kan, Pearl 40, Wager 28, àti Tryal kékeré tó ní 8. Ọkọ̀ ẹrù méjì tẹ̀ lé wọn. Àwọn tó ń ròyìn ìrìn-àjò yìí máa ń sáré dé ibi fàdákà tí wọ́n rí gbà nígbẹ̀yìn. Àìsàn àti ìfarapa ni tiwa níbí. Níbi tó bá yẹ, a ó kọ iye ọjọ́ tó ti kọjá láti èbúté tí wọ́n ti rí ewé tàbí èso jẹ kẹ́yìn, torí iye ọjọ́ yẹn ló pa èèyàn ju ìjì, otútù àti ìbọn lọ. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò nígbà náà la tẹ̀ lé. Ọjọ́ 11 ló fi wà lẹ́yìn tòde òní.

5 Oṣù Kẹjọ 1740, Portsmouth

Àìsàn ti wọ ọkọ̀ kí wọ́n tó tú okùn. Ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tó gbóná ni wọ́n ṣèlérí fún Anson. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó máa kó 500 nínú àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń tọ́jú ní Chelsea. Gbogbo ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè gbé e jáde kúrò ní Portsmouth ló sá lọ. 259 tó kù, tí wọn ò lè sá, ni wọ́n kó sọ́kọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti lé ní ẹni 60 ọdún, àwọn mìíràn ti kọjá 70. Wọ́n fi 210 ọ̀dọ́ ọmọ ogun ojú omi dí àyè àwọn tó sá, àwọn tí wọn ò tíì kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ìbọn yíyìn pàápàá. Ká sọ òótọ́, ìdájọ́ ikú ni wọ́n dá fún àwọn àgbà wọ̀nyẹn, ẹni tó sì fọwọ́ sí ìwé náà kò lè sọ pé òun ò mọ̀.

18 Oṣù Kẹsàn-án 1740, wọ́n gbéra

Ẹ wo ohun tó tọ́ sí atukọ̀ kan lọ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì: bisikíìtì pọ́ùn 7, bíà gálọ́ọ̀nù 7, ẹran màlúù oníyọ̀ pọ́ùn 4, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ pọ́ùn 2, ẹ̀wà píìsì páìntì 2, ọkà oat páìntì 3, bọ́tà áúńsì 6, wàràkàṣì áúńsì 12. Oúnjẹ yìí pọ̀. Ó lágbára tó fún ẹni tó ń fa okùn láti òwúrọ̀ dalẹ́, ó sì dára ju ohun tí tálákà ń jẹ lórí ilẹ̀ lọ́dún náà lọ. Àmọ́ kò sí fítámì C kankan níbẹ̀. Ara èèyàn kì í ṣe é fúnra rẹ̀, inú oúnjẹ ló ti gbọ́dọ̀ wá. Mílígíráàmù 10 péré lójúmọ́ ti tó láti lé scurvy, àrùn tí àìní fítámì yìí ń fà, jìnnà. Ẹni tó jẹun dáadáa ní nǹkan bíi 1,500 nínú ara. Tí kò bá rí òmíràn fi kún un, yóò máa dín kù díẹ̀díẹ̀, tó bá sì ti wálẹ̀ sí 300 tàbí kó má tó o, àmì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìyẹn lè gba oṣù kan sí mẹ́ta. Ẹni tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀, tàbí tó ti darúgbó, kì í ní ohun púpọ̀ nípamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi ìsùn ńkọ́? Íńṣì 14 ni fífẹ̀ àyè tí wọ́n ń wọ̀n fún ẹnì kan láti ta ibùsùn aṣọ rẹ̀ tó ń fì lókè. Centurion, tó yẹ kó gba atukọ̀ 400, kó èèyàn tó lé ní 500. Aṣọ ẹnì kan ń kan ti ẹlòmíràn, iná aṣọ sì ń rìn láti ara dé ara. Iná yìí ló ń gbé ibà typhus kiri. Kì í ṣe ìgèjẹ rẹ̀ gan-an ló ń kó o ranni: ìgbẹ́ rẹ̀ ni èèyàn máa ń fi èékánná họ wọnú awọ. Ẹni tí wọ́n fipá mú ní ìgboro tàbí tí wọ́n kó láti ẹ̀wọ̀n ló sábà máa ń gbé e wọ ọkọ̀, wọn kì í sì í pààrọ̀ aṣọ ẹni bẹ́ẹ̀ kó tó dà pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

25 Oṣù Kẹwàá 1740, Madeira. Ọjọ́ 37

Atẹ́gùn kọjú ìjà sí wọn ní gbogbo ọ̀nà. Wọ́n gbé omi, wáìnì àti oúnjẹ tútù, wọ́n sì kúrò níbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kọkànlá.

Oṣù Kọkànlá 1740, Òkun Àtìláńtíìkì

Àwọn ọ̀gákọ̀ wá bá Anson pé àìsàn ti pọ̀ jù. Ọkọ̀ wúwo débi pé ihò ìbọn ìsàlẹ̀ ò ṣeé ṣí, torí omi yóò wọlé, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí afẹ́fẹ́ lè gbà dé ibi tí wọ́n ń sùn. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ihò afẹ́fẹ́ mẹ́fà sára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí kò ní sọ igi rẹ̀ di ahẹrẹpẹ. Ìmọ̀ràn rere ni. Ó dín òórùn àti ooru kù, ṣùgbọ́n kò pa iná aṣọ, kò sì wẹ omi inú àgbá mọ́. Ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn kò dẹwọ́.

21 Oṣù Kejìlá 1740, erékùṣù Santa Catarina, Bràsíl. Ọjọ́ 48 láti Madeira

Wọ́n pàgọ́ sí etíkun fún àwọn aláìsàn. 80 ni Centurion nìkan gbé sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá tún inú ọkọ̀ ṣe. Wọ́n kọ́kọ́ fi irin họ ìdọ̀tí kúrò lára pákó, wọ́n dáná èéfín sáàárín àjà méjèèjì títí gbogbo rẹ̀ fi ṣú, wọ́n wá fi fínígà fọ gbogbo rẹ̀ pátá. Lójú tiwọn, òórùn ló ń fa àrùn. Èrò yẹn kò tọ̀nà, àmọ́ iṣẹ́ náà ní èrè tirẹ̀, torí ibi tí a bá ti ń họ pákó tí a sì ń dáná èéfín, kòkòrò kì í rójú gbé níbẹ̀.

Wàhálà tó wà nínú Santa Catarina ni pé igbó yí etíkun náà ká, afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ débẹ̀, ẹ̀fọn sì kún ibẹ̀ bí eṣú. Àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ láti gba ìwòsàn ń gba ibà tuntun. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣírò, Centurion ti sin èèyàn 28 níbẹ̀, àwọn aláìsàn sì ti pọ̀ láti 80 di 96. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan tí wọ́n lò, torí òpó Tryal tó ń fẹ́ àtúnṣe.

18 Oṣù Kìíní 1741, wọ́n kúrò ní Bràsíl

Láti ọjọ́ yìí ni kíkà wa tó ṣe pàtàkì jù bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúró díẹ̀ ní etíkun St Julian ní gúúsù Amẹ́ríkà nínú Oṣù Kejì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ nibẹ̀, iyọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀ ju ewé lọ.

7 Oṣù Kẹta 1741, ọ̀nà omi Le Maire. Ọjọ́ 48

Ojú ọjọ́ mọ́ kedere, afẹ́fẹ́ sì ń tì wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n rò pé gúúsù Amẹ́ríkà ti parí, pé Pàsífíìkì ló kù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ni ìjì ti dé, ìṣàn omi sì ń fà wọ́n padà sí ìlà-oòrùn. Ìjì tó tẹ̀ lé ara wọn láti ọjọ́ yẹn kò jẹ́ kí wọ́n sinmi fún bí oṣù mẹ́ta.

Ìparí Oṣù Kẹta 1741, gúúsù Cape Horn, ìpẹ̀kun ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ọ̀sẹ̀ àwọn tó fara pa nìyí. Ọkọ̀ ń yí débi pé etí rẹ̀ ń wọ omi ní apá méjèèjì. Ẹni tí kò bá rí nǹkan dì mú, á ré lulẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Láàárín àkókò díẹ̀, àwọn tó fara pa nínú Centurion nìyí: omi gbé ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ tó gbóná jù lọ lọ, ọrùn ẹlòmíràn yẹ̀, ẹlòmíràn já sínú ihò ẹrù, itan rẹ̀ sì ṣẹ́, igbákejì olórí atukọ̀ kan ṣẹ́ eegun tó so àyà mọ́ èjìká lẹ́ẹ̀mejì.

Itan tó ṣẹ́ láìtú awọ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gé ẹsẹ̀ sí. Ẹnì kan á di ìbàdí mú, ẹlòmíràn á fa ẹsẹ̀ náà títí gígùn rẹ̀ á fi bá èkejì mu. Oníṣègùn á fọwọ́ tẹ ojú ibi tó ṣẹ́ kí eegun méjèèjì lè kojú ara wọn, á tẹ́ òwú sí i, á to pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, á wá fi ọ̀já dì í, kò ní le jù, kò ní dẹ̀ jù. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ẹni náà á fi dùbúlẹ̀. Lórí ilẹ̀, iṣẹ́ tó ṣeé ṣe ni. Nínú ọkọ̀ tó ń yí, iṣan itan á máa fún pọ̀, á máa fa eegun gùn orí ara wọn, ọ̀já á dẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀. Tí eegun bá ti yọ jáde lára awọ, ayùn ló kù: wọ́n á fi awọ onírin tí wọ́n ń yí mú iṣan ẹ̀jẹ̀ pinpin lókè, ọ̀bẹ á yí ẹran ká, ayùn á gé eegun, wọ́n á so ojú iṣan ẹ̀jẹ̀. Oníṣègùn tó mọṣẹ́ kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, torí ọtí àti oògùn ópíọ̀ nìkan ló wà fún ìrora.

Ikú kan wà láàárín ọjọ́ wọ̀nyí tó yẹ ká ṣàlàyé, torí iṣẹ́ ló fà á. Wọ́n fẹ́ yí imú ọkọ̀ padà, àmọ́ ìgbòkun kankan kò ṣeé ta, ìjì á fà á ya. Anson ní kí àwọn ọkùnrin gun àwọn okùn tó di òpó iwájú mú, kí wọ́n tò síbẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa ti ara wọn bí ẹni ń ti ìgbòkun. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́, ọkọ̀ yí. Ọ̀kan nínú wọn já sómi níbẹ̀. Wọ́n rí i tó ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, wọ́n ń wò ó títí ó fi jìnnà, torí ọkọ̀ kò ṣeé dá dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọkọ̀ kékeré tó lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ìgbì yẹn.

14 Oṣù Kẹrin 1741, òru. Ọjọ́ 86

Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò wọn, wọ́n ti jìnnà gan-an sí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀. Òṣùpá là, ilẹ̀ sì yọ gbàgà níwájú wọn, kò jìnnà. Ọkọ̀ ẹrù Anna ló kọ́kọ́ rí i. Kò sí irinṣẹ́ tó lè sọ fún wọn bí wọ́n ṣe jìnnà tó láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn nígbà náà. Ohun tí ọkọ̀ sá ni wọ́n ń kà, wọn ò sì rí ìṣàn omi tó ń fà wọ́n padà. Wọ́n ní láti tún kọjú sí gúúsù. Ọ̀sẹ̀ tí ìyẹn fi kún ìrìn-àjò ni ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn wà lọ́rùn rẹ̀. Severn àti Pearl ti pòórá kí ọjọ́ yìí tó dé, wọ́n ti padà sẹ́yìn. Wager fọ́ mọ́ erékùṣù kan ní etíkun Chile lóṣù tó tẹ̀ lé e.

30 Oṣù Kẹrin 1741. Ọjọ́ 102

43 ló kú nínú Centurion lóṣù yìí. Èyí tó kú ní Oṣù Karùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀.

Bí scurvy ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àárẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀, débi pé àwọn ọ̀gá máa ń fi ẹni náà pè ní ọ̀lẹ. Orúnkún á rọ. Àmì pupa á sọ káàkiri ẹsẹ̀ níbi tí irun ti hù jáde, á di dúdú, á gbilẹ̀. Èrìgì á wú bí olú, á bo eyín, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde, ẹnu á rùn débi pé ara ẹni tó ní i á kọ́kọ́ kórìíra rẹ̀. Ọkàn á rẹ̀wẹ̀sì. Ìró kékeré lè mú ẹni náà gbọ̀n jìgìjìgì, ìròyìn burúkú á sì mú àìsàn rẹ̀ le sí i lójú ẹsẹ̀. Àlùfáà ọkọ̀ náà kíyè sí i pé ẹni tí ìrètí rẹ̀ bá já lọ́sàn-án, ó lè má bá wọn jí lọ́jọ́ kejì.

Ìdí rẹ̀ ni pé collagen, ohun tó lẹ ara pọ̀ mọ́ra, kò ṣeé ṣe láìsí fítámì C. Òun ló wà nínú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀, nínú èrìgì, nínú eegun, nínú ojú àpá. Ara kì í sì í ṣe é lẹ́ẹ̀kan kó pa á tì. Ó ń bàjẹ́, ara ń tún un ṣe, títí ọjọ́ ikú. Tí àtúnṣe bá dúró, ohun tó ti jinná á tú.

Níbí ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà Chelsea ti burú jù. Ọ̀kan nínú wọn ti gbọgbẹ́ ní ogun Boyne ní Ireland lọ́dún 1690. Egbò náà ti jinná ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Nínú Centurion, ó tún là, ó sì dà bí ẹni pé kò jinná rí láyé. Eegun kan tó ti ṣẹ́ lára rẹ̀, tó ti so pọ̀ tipẹ́tipẹ́, tú níbi tó ti so, ó dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́. Ẹ wá ro ti ẹni tí itan rẹ̀ ṣẹ́ ní Oṣù Kẹta, tí oníṣègùn fi pákó dì: kí ni yóò so eegun yẹn pọ̀? A lè fa ẹsẹ̀ náà gùn bó ṣe yẹ, ká dì í bó ṣe tọ́, ohun tí yóò lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kò sí nínú ara.

Oníṣègùn ọkọ̀ sọ pé otútù Cape Horn ló ń fa gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Anson ní hóró oògùn àti oògùn olómi tí Joshua Ward ń tà ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà. Antimony, irú irin kan tó lóró, ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àrùn náà tún dé lọ́dún 1742, ó fún àwọn tó fẹ́ lára àwọn aláìsàn. Àwọn kan bì, àwọn kan yàgbẹ́, ara àwọn mìíràn kò gbọ́ nǹkan kan. Èèyàn tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lẹ́nu kò nílò ohun tí yóò tún gba omi ara rẹ̀.

28 sí 30 Oṣù Karùn-ún 1741. Ọjọ́ 130 sí 132

Erékùṣù Juan Fernández ni wọ́n ń wá. Ní ọjọ́ 28 wọ́n ti wà ní ìlà rẹ̀ gan-an, wọn ò sì rí i. Anson ò dá ara rẹ̀ lójú, ó yí sí ìlà-oòrùn láti lọ wo etíkun Chile kí ó lè mọ ibi tí òun wà. Ní ọjọ́ 30 wọ́n rí àwọn òkè tí yìnyín bò. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n wà wàyí, ṣùgbọ́n ó gba ọjọ́ mẹ́sàn-án láti padà sí ibi tí wọ́n ti yí. Láàárín ọjọ́ yẹn, èèyàn bíi 70 sí 80 kú. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ síwájú fún wákàtí mélòó kan sí i ní ọjọ́ 28 ni, ilẹ̀ ì bá yọ sí wọn.

9 sí 10 Oṣù Kẹfà 1741, Juan Fernández. Ọjọ́ 142 sí 143

Ilẹ̀ yọ láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá Le Maire, èèyàn tó wà láàyè nínú Centurion lé ní 400; nǹkan bí 200 ti kú láti ibẹ̀. Nínú ìṣọ́ kan, ẹni tó lè fa okùn kò ju atukọ̀ mẹ́fà àti adítọ́kọ̀ méjì lọ. Tí kì í bá ṣe àwọn ọ̀gá, ọmọ ọ̀dọ̀ àti àwọn ọmọdékùnrin tó bá wọn fà á, wọ́n lè wo erékùṣù náà lójú títí wọ́n fi máa kọjá rẹ̀.

Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n rán lọ wá ibi tí wọ́n máa dákọ̀ró sí padà dé pẹ̀lú séálì, ẹranko òkun kan, àti koríko. Koríko lásán, tí ẹṣin ń jẹ. Àwọn tó lọ kò tíì rí ewé tó dára, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé koríko gan-an á dùn lẹ́nu àwọn tó wà lọ́kọ̀. Wọ́n pín in jẹ títí kò fi ku ẹyọ kan. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní fítámì. Ẹnu tó ti pẹ́ tí kò kan ewé mọ ohun tó ń wá.

16 sí 18 Oṣù Kẹfà 1741

Àwọn aláìsàn sọ̀ kalẹ̀. Etíkun náà kún fún òkúta ńlá, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n sì ní láti gbé nínú ibùsùn aṣọ wọn. Anson àti àwọn ọ̀gá fúnra wọn fi èjìká gbé wọn. 167 ni wọ́n gbé dé etíkun. Ó kéré tán, èèyàn méjìlá kú nínú ọkọ̀ kékeré kí wọ́n tó dé ilẹ̀.

Èyí ni àwọn atukọ̀ máa ń bẹ̀rù jù nínú scurvy. Ẹni náà lè dùbúlẹ̀, kó máa jẹun, kó máa sọ̀rọ̀ ketekete, kí ojú rẹ̀ má fi hàn pé ikú wà nítòsí. Gbé e láti ibì kan sí ibì kejì, ó kú. Ẹlòmíràn á dìde fúnra rẹ̀ láti lọ gba afẹ́fẹ́ lókè, kò ní dé òkè. Ọkàn tí àrùn ti jẹ lára kò lè pèsè ẹ̀jẹ̀ tí ìdìde kékeré bèèrè. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n di ẹ̀bi lé lórí. Ó sàn kí wọ́n gbé ewé lọ bá aláìsàn nínú ọkọ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè mọ èyí nígbà náà.

Ewé kíkan, pápásan, ewé etí odò, tọ́nìpù àti rádíìṣì tó ń hù fúnra wọn kún erékùṣù náà, pẹ̀lú ẹja àti ẹran ewúrẹ́. Síbẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá àkọ́kọ́, ìgbà díẹ̀ ni wọ́n sin èèyàn tí kò tó mẹ́fà lójúmọ́, ó sì tó bí ogún ọjọ́ kí ikú tó dúró. Ewé lè yára gba ẹni tó ṣì lágbára díẹ̀, kò lè jí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sínú ara rẹ̀ láti oṣù kan. Tryal náà wọlé ní tirẹ̀: ọ̀gákọ̀ rẹ̀, igbákejì rẹ̀ àti atukọ̀ mẹ́ta nìkan ló lè dúró lẹ́sẹ̀.

23 Oṣù Keje 1741

Wọ́n ti rí Gloucester lókèèrè láti ọjọ́ 21 Oṣù Kẹfà. Ó gbà á ju oṣù kan lọ kó tó wọ èbúté tí ojú gbogbo wọn ń rí, torí kò sí èèyàn tó lè yí ìgbòkun rẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn bá yí. Ohun tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kù níbẹ̀ ni omi, ẹja àti ewé tí Anson ń fi ọkọ̀ kékeré ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ti ju ìdá méjì nínú mẹ́ta èèyàn wọn sómi kí wọ́n tó rí erékùṣù náà.

Nígbà tí wọ́n jókòó ṣírò, báyìí ló rí. Centurion: 292 ti kú, 214 ló kù. Gloucester: 292 ti kú, 82 ló kù. Tryal: 42 ti kú, 39 ló kù. Nínú 961 tó kúrò ní Gẹ̀ẹ́sì, 626 ti lọ, kò sì tíì sí ogun tí wọ́n jà. Nínú àwọn àgbà Chelsea 50 tó wà nínú Centurion, mẹ́rin ló ṣẹ́ kù. Nínú Gloucester, kò ku ẹyọ kan.

6 Oṣù Karùn-ún 1742, wọ́n fi etíkun Mẹ́síkò sílẹ̀

Kíkà tuntun. Ìrìn yìí ló yẹ kí oníṣègùn kọ sílẹ̀ jù, torí gbogbo ohun tí wọ́n ń di ẹ̀bi lé tẹ́lẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Ooru ló wà, kò sí otútù. Ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ ààyè wà nínú ọkọ̀, wọ́n ń mú ẹja tútù lójú òkun, òjò ń fún wọn lómi tó pọ̀, ihò ìbọn ń ṣí, wọ́n sì ń fọ ọkọ̀ déédéé.

Ìparí Oṣù Kẹfà 1742. Ó lé ní ọjọ́ 50

Scurvy tún bẹ̀rẹ̀, ó sì le bíi ti àkọ́kọ́. Oníṣègùn tó sọ pé otútù ni ló tún rí i nínú ooru. Ó sapá gidigidi, nígbẹ̀yìn ó gbà pé gbogbo ohun tí òun ṣe kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tútù tí a sè dáadáa kò ní fítámì C tó tó nǹkan, omi tó mọ́ kò ní i rárá.

16 Oṣù Kẹjọ 1742. Ọjọ́ 102

Gloucester ti ṣẹ́ òpó, omi ń wọ ọ́, kò sí ẹni tó lè fa ẹ̀rọ omi rẹ̀. Wọ́n kó àwọn èèyàn inú rẹ̀ sínú Centurion, wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà, ó bú gbàmù láàárọ̀. Láti ìgbà yìí, wọ́n ń sin èèyàn mẹ́jọ sí mẹ́wàá lójúmọ́, nígbà mìíràn méjìlá.

28 Oṣù Kẹjọ 1742, erékùṣù Tinian ní Pàsífíìkì. Ọjọ́ 114

71 ló kù tó lè dúró ti ìbọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì lè ṣiṣẹ́. Wákàtí márùn-ún ni wọ́n fi ká ìgbòkun òkè. Ọsàn, ọsàn wẹ́wẹ́, àgbọn àti gbẹ̀rẹ̀fútù wà ní Tinian, màlúù ń jẹ̀ kiri. Wọ́n fi ilé ìkẹ́rùsí kan ṣe ilé ìwòsàn, wọ́n gbé aláìsàn 128 síbẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, wọ́n sin 21. Láàárín oṣù méjì tí wọ́n fi wà níbẹ̀, àwọn tó tún kú kò ju mẹ́wàá lọ. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, díẹ̀ ló kù tí kò lè rìn láìgbé ara lé ẹlòmíràn.

Ìyàtọ̀ láàárín Tinian àti Juan Fernández yẹ fún àfiyèsí: ọjọ́ 114 níhìn-ín, 143 lọ́hùn-ún; èso kíkan níhìn-ín, ewé lọ́hùn-ún. Ní 1747, James Lind kó aláìsàn scurvy 12 jọ nínú ọkọ̀ Salisbury, ó pín wọn ní méjì-méjì, ó fún méjì ní ọsàn méjì àti ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù kan lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni èso náà tó, ọ̀kan nínú wọn sì ti lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ ní 1753, Anson ló fi ta lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń wá bí omi ọsàn ṣe lè pẹ́ nínú ọkọ̀, sísè ló ní kí wọ́n sè é títí yóò fi ki, iná sì ń ba fítámì náà jẹ́. Ó di 1795 kí ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín omi lẹ́mọ́ọ̀nù tí wọn ò sè, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin áúńsì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́.

20 Oṣù Kẹfà 1743, ìtòsí Philippines

Wọ́n ti lo oṣù mélòó kan ní Macao, ní etíkun Ṣáínà, wọ́n ti jẹun dáadáa, wọ́n ti gba àwọn atukọ̀ tuntun. 227 ló wà nínú Centurion nígbà tí wọ́n bá ọkọ̀ fàdákà Sípéènì náà, Covadonga, jà. Sípéènì pàdánù 67, 84 fara gbọgbẹ́. Nínú Centurion, méjì kú, igbákejì ọ̀gákọ̀ kan àti 16 mìíràn gbọgbẹ́.

Nínú ìjà ojú omi, ọta ìbọn fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń gbọgbẹ́ jù, èérún igi ni. Ọta á wọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, igi á fọ́ sínú bí ọ̀kọ̀. Wọ́n á gbé ẹni tó gbọgbẹ́ lọ sísàlẹ̀, nísàlẹ̀ ojú omi, níbi tí ọta kò lè dé, oníṣègùn á sì máa fi ìka wá èérún àti aṣọ tó wọlé pẹ̀lú rẹ̀, torí aṣọ tó bá kù nínú ara ló ń sọ egbò di ìjẹrà. Nínú àwọn 17 yẹn, ẹyọ kan ló kú. Egbò àwọn 16 yòókù jinná.